Omi Oko, Omi Ìkòkò: Ásẹ́níìkì Nínú Ìrẹsì

Ní ọdún 1983, ní Kolkata ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, dókítà awọ ara kan tó ń jẹ́ K. C. Saha rí àwọn aláìsàn tí àrùn wọn kò jọ èyí tó ti ń wò tẹ́lẹ̀. Ará oko ni wọ́n, láti àwọn abúlé West Bengal. Àmì dúdú àti funfun wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ tò sí wọn láyà àti lẹ́yìn. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ti yi, kókó líle sì yọ sí i, débi pé dídi ọkọ́ mú di ìnira. Àwọn aládùúgbò rò pé ẹ̀tẹ̀ ni, wọ́n ń yẹra fún wọn. Ẹ̀tẹ̀ kọ́. Omi kànga onípáìpù ni wọ́n ń mu, omi tó mọ́ gaara, tí kò rùn, tí kò sì korò lẹ́nu. Ásẹ́níìkì ló wà nínú rẹ̀.

Oore ni wọ́n fi kànga wọ̀nyẹn ṣe. Kí wọ́n tó gbẹ́ wọn, omi adágún àti omi odò ni àwọn ará West Bengal àti Bangladesh ń mu, onígbáméjì àti ìgbẹ́ gbuuru sì ń pa wọ́n lọ́mọ. Láti àwọn ọdún 1970 ni UNICEF, ìjọba àti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ti ń ri páìpù mọ́lẹ̀ kárí abúlé Bangladesh, títí kànga fi di àìmọye. Kò sẹ́ni tó yẹ omi náà wò fún ásẹ́níìkì, torí kò sẹ́ni tó retí rẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, láti orí òkè Himalaya ni odò Ganges àti Brahmaputra ti ń wọ́ yẹ̀pẹ̀ tó ní in wá láti ayébáyé, tí wọ́n ń kó o jọ sílẹ̀ Bengal. Ọdún 1993 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ó wà nínú kànga Bangladesh náà. Ní 2000, Allan Smith ti Yunifásítì California ní Berkeley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé pé kò tíì sí májèlé tó kan èèyàn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ìtàn: nínú mílíọ̀nù 125 tó ń gbé Bangladesh nígbà náà, láàárín mílíọ̀nù 35 sí 77 ló wà nínú ewu. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà kun ẹnu kànga lẹ́yìn àyẹ̀wò, pupa fún èyí tí kò ṣeé mu, àwọ̀ ewé fún èyí tó dára. Kànga kan lè pupa, kí ti ilé kejì tó múlé gbè é má sì ní nǹkan kan.

Mo fi omi bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ omi ni ọ̀rọ̀ ìrẹsì. Omi inú oko ló ń gbé ásẹ́níìkì wọ inú hóró ìrẹsì, omi inú ìkòkò ló sì lè gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ jáde.

Kò sí ibi tí ásẹ́níìkì kò sí láyé. Ó wà nínú òkúta, ó wà nínú ilẹ̀ tí a ń tẹ̀. Nínú ilẹ̀ gbígbẹ, ara irin tó ti dípẹtà nínú iyẹ̀pẹ̀ ló máa ń lẹ̀ mọ́, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n ìrẹsì kì í ṣe ọ̀gbìn ilẹ̀ gbígbẹ ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń gbìn ín. Wọ́n á mọ ebè yí oko ká, wọ́n á fi omi kún un, omi náà á sì dúró síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí omi bá ti bo ilẹ̀, afẹ́fẹ́ tán nínú rẹ̀ nìyẹn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀, tí wọn kò rí afẹ́fẹ́ mí mọ́, á wá máa lo irin tó dípẹtà yẹn dípò rẹ̀. Irin náà á yòrò, ásẹ́níìkì tó lẹ̀ mọ́ ọn á já sínú omi, gbòǹgbò ìrẹsì sì wà nínú omi náà.

Ìrẹsì nílò sílíkọ́ọ̀nù gan-an, ohun kan náà tó wà nínú iyanrìn, torí òun ló ń mú kí igi rẹ̀ dúró ṣinṣin, tí kò fi rọrùn fún kòkòrò láti jẹ ẹ́. Nítorí náà ni ọ̀nà pọ̀ lára gbòǹgbò rẹ̀ tí sílíkọ́ọ̀nù ń gbà wọlé. Ní 2008, Jian Feng Ma ti Yunifásítì Okayama ní Japan àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi hàn pé ọ̀nà yìí gan-an ni ásẹ́níìkì inú omi ń gbà. Bó ṣe rí nínú oko tí omi bò jọ sílíkọ́ọ̀nù ní ìrísí àti ní ìwọ̀n. Ìlẹ̀kùn tí onílé ṣí sílẹ̀ de ọmọ rẹ̀ ni àlejò bá wọlé. Ohun tó fà á nìyí tí ìrẹsì fi ń fa ásẹ́níìkì ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí ọkà wíìtì ń fà. Kì í ṣe àgbẹ̀ ló bu oògùn sí i, kì í sì í ṣe oníṣòwò ló pò ó pọ̀.

Ní Bangladesh, ìlọ́po ni ìyà náà. Omi kànga onípáìpù kan náà ni wọ́n ń fà sí oko ìrẹsì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n ń pè ní boro, lọ́dọọdún, tí ilẹ̀ sì ń gba ásẹ́níìkì kún èyí tó ti ní. Wọ́n á kórè rẹ̀ tán, wọ́n á tún fi omi náà sè é, hóró ìrẹsì á sì fa ti inú omi mọ́ra. Àgbàlagbà ibẹ̀ lè jẹ ju 400 gíráàmù lọ lóòjọ́, kí a tó sè é la wọn ìyẹn.

Ó yẹ kí a ya ásẹ́níìkì kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹja òkun àti edé so mọ́ kábọ́ọ̀nù. Ara ń tọ̀ ọ́ jáde láìṣe wá ní nǹkan kan. Èyí tí kò so mọ́ kábọ́ọ̀nù ni olóró, òun ló wà nínú omi kànga Bengal, òun sì ni púpọ̀ nínú ti ìrẹsì. Ó wà lára àwọn ohun tí àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ sọ pé kò sí iyèméjì pé ó ń fa àrùn náà: ti awọ ara, ti ẹ̀dọ̀fóró, ti àpòòtọ̀. Ó tún ń ba ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, wọ́n ti rí i pé ó bá àtọ̀gbẹ tan, bí aboyún bá sì ń gbà á púpọ̀, ọmọ inú lè kéré nígbà ìbí.

Ìdẹ́rùbà rẹ̀ wà nínú sùúrù tó ní. Ìlú Antofagasta ní Chile ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Láti 1958 ni wọ́n ti fa omi odò kan wọ ìlú náà, ásẹ́níìkì inú rẹ̀ sì lé ní máíkírógíráàmù 800 nínú líta kan. Ní 1970 wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ tó ń sọ omi di mímọ́, ásẹ́níìkì náà sì wálẹ̀. Ọdún méjìlá péré ni. Síbẹ̀, lẹ́yìn ogún ọdún, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró àti ti àpòòtọ̀ ṣì ń pa àwọn ará ìlú yẹn ju ti ibòmíràn lọ ní Chile. Àwọn tó wà nínú oyún tàbí tí wọ́n jẹ́ ọmọdé nígbà tí omi náà ń ṣàn wà lára àwọn tó kàn jù. Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ásẹ́níìkì: ohun tí ọmọ mu kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀ ni ó di àgbà tán tó ń san gbèsè rẹ̀.

Ìrẹsì tí à ń jẹ kò sún mọ́ ìwọ̀n ti Antofagasta, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń dá ìpayà sílẹ̀ lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó wà níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ásẹ́níìkì inú omi mímu má ju máíkírógíráàmù 10 lọ nínú líta kan. Ẹni tó bá mu líta méjì omi tó dé góńgó ìwọ̀n yẹn lóòjọ́ ti gba 20. Ká wá sọ pé ìrẹsì kan ní máíkírógíráàmù 100 ti olóró nínú kílò kan. Irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n lọ́jà. Ẹni tó bá jẹ 200 gíráàmù rẹ̀ lóòjọ́, nǹkan bí ife ńlá kan ká tó sè é, ti gba 20 náà. Ásẹ́níìkì inú àwo ìrẹsì rẹ̀ nìkan ti tó gbogbo èyí tí ìlànà yẹn gbà láyè nínú omi rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kò sí wàhálà. Ní àárọ̀, ní ọ̀sán, fún ogójì ọdún, ìṣirò náà yàtọ̀. Láyé àwọn bàbá wa, ìrẹsì jẹ́ oúnjẹ Kérésìmesì, oúnjẹ Iléyá, oúnjẹ ìnáwó. Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé ni kò sí ọjọ́ tí wọn kì í gbé e kaná.

Kì í ṣe ìwọ̀n kan náà ló wà nínú gbogbo ìrẹsì. Basmati tí wọ́n ń gbìn ní Íńdíà àti Pakistan sábà máa ń ní díẹ̀. Ti gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sábà máa ń pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ sì jẹ́ ohun tó yẹ kí gbogbo àgbẹ̀ gbọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kòkòrò kan ń run òwú ní gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn àgbẹ̀ sì ń fọ́n oògùn tí wọ́n fi ásẹ́níìkì ṣe sí i lórí. Ásẹ́níìkì kì í jẹrà, kì í sì í parẹ́ bí ọdún bá ti ń lọ. Nígbà tí ilẹ̀ òwú Arkansas, Louisiana àti Mississippi di oko ìrẹsì, ó ṣì wà nínú ilẹ̀. Ìrẹsì á dàgbà, orí rẹ̀ á nà ṣánṣán sókè dípò kó tẹ̀, torí kò gbọmọ, òfìfo ni. Wọ́n wá ṣa irú ìrẹsì tí ásẹ́níìkì kò lè dí lọ́wọ́ àtiso. Àgbẹ̀ rí hóró kó wọlé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kò yí padà. Ọdún 2012 ni ìwé ìròyìn Consumer Reports ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde àyẹ̀wò ìrẹsì jáde, tí àwọn ìyá fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè ohun tó wà nínú oúnjẹ ọmọ wọn.

Ara èèpo inú ìrẹsì ni púpọ̀ nínú ásẹ́níìkì máa ń wà. Ìdí nìyẹn tí ìrẹsì tí wọn kò bó dé funfun fi ń ní in ju funfun lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ní fítámì àti okun tó ń ṣara lóore jù. Àwọn kan á ti máa ro ti ọ̀fadà báyìí. Lóòótọ́, a kì í bó o tó ìrẹsì òyìnbó, èèpo inú ń kù sí i lára. Ṣùgbọ́n ìrẹsì ilẹ̀ òkè ni púpọ̀ nínú èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn yíká Ọ̀fadà àti Mókólóki ní ìpínlẹ̀ Ògùn, omi òjò ló ń mu, kì í dúró nínú adágún omi. Ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ kì í tú ásẹ́níìkì sílẹ̀ bí ilẹ̀ tí omi bò. Èmi kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi pa ọ̀fadà tì nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní báyìí, ìkòkò.

Ẹ wo ìyá tó fẹ́ se ìrẹsì nílé wa. Kì í da ìrẹsì gbígbẹ sínú ọbẹ̀. Á kọ́kọ́ gbé omi kaná, omi púpọ̀, á da ìrẹsì sí i, á fi ọmọrí dé e. Kò ní pẹ́ tí ìfófòó funfun á fi gbé ọmọrí náà sókè, tí omi á máa ta sórí iná. Á ṣí i, á fi ṣíbí bu hóró díẹ̀, á fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá tẹ ọ̀kan: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rọ̀, àárín rẹ̀ ṣì le. Ó tó nìyẹn. Á dà á sínú asẹ́, omi ríru tó gbóná á ṣàn lọ, á bu omi tútù lé e, á fi ọwọ́ fọ̀ ọ́, á sẹ́ ẹ, kó tó dá a padà síná. Bí ẹ bá bi í pé kí ló dé, á ní kó má baà lẹ̀ ni, kí sítáàṣì rẹ̀ lè dínkù.

Ní 2020, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dán ọ̀nà ìsè bíi mélòó kan wò láti mọ èyí tó ń mú ásẹ́níìkì kúrò láìkó èròjà tó ṣara lóore lọ. Èyí tó borí ni kí a da ife ìrẹsì kan sínú ife omi mẹ́rin tó ti ń hó, kó hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí a da omi náà nù, kí a wá bu omi mìíràn sí i, kó fa á tán lórí iná tí kò le. Ó mú ìdá 73 nínú 100 ásẹ́níìkì olóró kúrò nínú ìrẹsì funfun, àti ìdá 54 nínú èyí tí wọn kò bó. Ọwọ́ ìyá wa ló kù díẹ̀ kí ìlànà yẹn jọ. Kì í ṣe torí ásẹ́níìkì ló fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ni omi ń bá a ṣe.

Èyí ni mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé ká má jẹ́ kí àṣà yìí run. Gáàsì ti wọ́n, ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ti rẹ̀. Ó rọrùn láti wọn omi tí ìrẹsì á fà tán, kí a dé e, kó parí níbẹ̀. Ìkòkò oníná mànàmáná náà, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe. Ohun tó bá jáde nínú hóró kò ríbi lọ, á tún padà sínú rẹ̀. Fífọ ìrẹsì lásán pẹ̀lú omi tútù, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kò tó. Ó ń mú eruku àti ìdọ̀tí kúrò, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ásẹ́níìkì tó ń bá a lọ. Inú hóró ló wà, ìgbóná omi púpọ̀ ló ń yọ ọ́. Bí omi àkọ́bọ̀ bá sì ti jáde, kí ó lọ pátápátá. Ẹ má bù ú fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru mu, omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń fúnni nílé ìwòsàn ló tọ́ sí i.

Gbogbo èyí dúró lórí pé omi tí a fi bọ̀ ọ́ dára. Bí ásẹ́níìkì bá wà nínú omi, síse kò lè pa á; omi á gbẹ díẹ̀, ásẹ́níìkì á sì kì sí i. Ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù ló yẹ kí a ti fura jù. Ní Obuasi ní Gánà, òkúta tí góòlù wà nínú rẹ̀ ní ásẹ́níìkì nínú, wọ́n sì ti rí i nínú odò àti ilẹ̀ agbègbè náà. Ẹni tó bá gbẹ́ kànga onípáìpù sí irú àyíká bẹ́ẹ̀ kó mú omi rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, torí ojú kò lè rí i, imú kò lè gbóòórùn rẹ̀.

Omi tí a dà nù máa ń bá fítámì B díẹ̀ lọ, fólíìkì wà lára rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ dí i, àwọn méjèèjì ní in dáadáa. Fólíìkì tún ní ohun tó ń bá ásẹ́níìkì ṣe: òun ni ara nílò láti sọ ásẹ́níìkì di ohun tó rọrùn láti tọ̀ jáde. Mary Gamble ti Yunifásítì Columbia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn ará Bangladesh tí fólíìkì ara wọn kéré ní oògùn rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12, ásẹ́níìkì inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì dínkù. Ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀ tún ń dín ìrẹsì inú àwo kù láì jẹ́ pé ebi pa ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí ìrẹsì tó wà ní Philippines ń kọ́ wọn láti má fi omi bo oko títí. Wọ́n á ri páìpù oníhò mọ́ àárín oko, bí omi inú rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 15 lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n á tún fi omi kún un. Ìgbà tí ìrẹsì bá ń tanná, wọn kì í jẹ́ kó gbẹ. Omi tí wọ́n ń ná ń dínkù, ásẹ́níìkì ń dínkù. Ṣùgbọ́n kádímíọ́ọ̀mù, májèlé mìíràn, máa ń tú jáde bí ilẹ̀ bá gbẹ, nítorí náà kí a mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀ oko ṣáájú.

Ọmọ ọwọ́ ló kù. Ara rẹ̀ kéré, ṣíbí ìrẹsì kan tó kéré lójú wa pọ̀ fún un. Ìwọ̀n ásẹ́níìkì tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ń gbà nínú oúnjẹ, bí a bá fi wé bó ṣe tẹ̀wọ̀n tó, jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti àgbàlagbà, ọpọlọ rẹ̀ sì ń dàgbà lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí Ilẹ̀ Yúróòpù fi ṣòfin ní 2015 pé ìrẹsì tí wọ́n fẹ́ fi ṣe oúnjẹ ọmọ kò gbọdọ̀ ní ju máíkírógíráàmù 100 lọ nínú kílò kan, tí Amẹ́ríkà náà sì fẹnu kò sí iye yẹn ní 2020 fún ìyẹ̀fun ìrẹsì ọmọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ní kí a má fi wàrà ìrẹsì inú páálí rọ́pò wàrà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Kí àwọn ìyá wa tó wà ní London, pàápàá àwọn tí wàrà màlúù kò bá ọmọ wọn lára mu, fi èyí sọ́kàn, kí wọ́n sì bi dókítà ohun mìíràn tí wọ́n lè lò. Ọmọ tó ń já lẹ́nu ọmú lè jẹ ìrẹsì tí a bọ̀, tí a da omi rẹ̀ nù, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ògì àgbàdo, ògì ọkà bàbà tàbí ti jéró tí a fi ẹ̀wà sóyà tàbí edé lílọ̀ lé lágbára ni kó jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ tí omi kò bò ni àwọn ọkà wọ̀nyẹn ti ń hù, ásẹ́níìkì inú wọn kò sì tó ti ìrẹsì.